Àwo Alẹ́ Láàárín Agbo Ilé

Láàárín àwọn Yorùbá, oúnjẹ alẹ́ ni oúnjẹ tí a máa ń fara balẹ̀ sè jù lọ. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra ẹ̀kọ àti àkàrà òwúrọ̀, tí wọ́n sì ń ra ẹ̀wà ọ̀sán, lọ́wọ́ àwọn olóúnjẹ títà, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀nà oko, ọ̀nà ọjà tàbí ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni oníkálukú ń gbà lọ; ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń wọ̀, odó á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, èéfín á máa rú láti ààrò dé ààrò, obìnrin kọ̀ọ̀kan á sì máa se ohun tí agbára ilé rẹ̀ ká. Àkọsílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ wọ̀nyí kò wọ́n. William Bascom, onímọ̀ nípa àṣà àti ìṣe ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, tẹ àpilẹ̀kọ méjì jáde ní 1951, ọ̀kan lórí oúnjẹ Yorùbá, èkejì lórí ìdáná wọn. Ibi tí oúnjẹ náà ń lọ lẹ́yìn tí a bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àròkọ yìí dá lé lórí, nítorí pé nínú agbo ilé àtijọ́, oúnjẹ alẹ́ kì í tán sí ojúlé tí wọ́n ti sè é.

Agbo ilé ni ọ̀wọ́ ilé tí àwọn ọmọ baba kan náà, àwọn ìyàwó wọn, àwọn ọmọ wọn àti àwọn àlejò tó wá forí pamọ́ sọ́dọ̀ wọn jọ ń gbé, tí baálé jẹ́ olórí rẹ̀, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì so ojúlé kan pọ̀ mọ́ èkejì. Obìnrin tó bá gún iyán nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ a bù fún baálé, a bù fún ìyá ọkọ rẹ̀, a bù fún ìyáálé rẹ̀, a sì tún bu díẹ̀ sínú àwo fún ojúlé kejì, bóyá nítorí pé obìnrin ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bóyá nítorí pé ó pẹ́ kó tó ti ọjà dé, tàbí láìsí ìdí kankan ju pé wọ́n jọ ń gbé lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, obìnrin ojúlé kejì náà á ti gbé tirẹ̀ ránṣẹ́, ì báà ṣe ẹ̀bà àti ilá tí kò ní ẹran. Báyìí ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ se ewédú ṣe lè sùn pẹ̀lú adùn ẹ̀fọ́ rírò lẹ́nu, tí ẹni tó jẹ àmàlà sì lè fi iyán ṣe òkèlè ìkẹyìn. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń gbé àwo náà kiri, ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wọn sì fi kọ́ wọn láti máa sọ kò ju pé “Ìyá mi ní kí ẹ bá àwọn tọ́ ọbẹ̀ wò” lọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn gba àgbéyẹ̀wò. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún aládùúgbò rẹ̀ tó sì jẹ́ kí ó hàn pé nítorí ebi ni òun ṣe gbé e, ó ti sọ ọ́ di alágbe lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí a bá òun tọ́ ọbẹ̀ wò ti fi ẹlòmíràn ṣe adájọ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ òun, ó sì ti fi àyè sílẹ̀ fún un láti gba oúnjẹ láìtẹ́. Àwọn àgbà ní a kì í ṣoore tán ká lóṣòó tì í, àwo alẹ́ sì ni ibi tí wọ́n ti ń hu ìwà yẹn lójoojúmọ́ láìpariwo. Àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìmọ̀ ètò ilé, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìdáná, ìtọ́jú ilé àti ìnáwó rẹ̀, tí iṣẹ́ wọn sì mú kí wọ́n máa wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò ní ṣàì rántí irú ìyá arúgbó kan tó wà nínú agbo ilé kan ní Ìbàdàn, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní òkè ọya, tí kì í dáná mọ́ nítorí ojú tó ń dùn ún. Ojúlé bíi márùn-ún ló ń bọ́ ọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn ló ń bọ́ ọ, nítorí pé òun náà kì í jẹ́ kí ọmọ tó gbé oúnjẹ wá padà lọ́wọ́ òfo: yóò bu ẹ̀pà sí ọmọ náà lọ́wọ́, ẹ̀pà yẹn á sì dé orí ẹní ní ilé, gbogbo ìdílé á jẹ níbẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n rí i pé àwo àná ṣì wà ní dídé, tí kò fọwọ́ kàn án, wọ́n sáré padà lọ sọ nílé, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn.

Níbẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ náà wà. Yàtọ̀ sí pé àwo alẹ́ ń bọ́ ènìyàn, òun ni ojú tí agbo ilé fi ń rí ara rẹ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á; nítorí náà ẹni tó bá tọ́ ọbẹ̀ ojúlé kejì wò lálẹ́ mọ bí owó ṣe rí níbẹ̀ láìbéèrè. Bí ẹja bá kúrò nínú ọbẹ̀ tí kò sì padà, bí epo bá ń dín kù, bí àmàlà bá ń fi ojoojúmọ́ jẹ́ láfún nínú ilé tó jẹ́ pé èlùbọ́ iṣu ni wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, bí àwo tí kì í pẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé ti sùn, gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fún ìyáálé tó bá ní làákàyè. Bí àwo bá sì ṣàdédé dẹ́kun láti máa lọ láàárín obìnrin méjì, baálé á mọ̀ pé ìjà ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fẹjọ́ sùn, á sì pè wọ́n, ṣùgbọ́n á jẹ́ kí wọ́n jẹun tán ná, nítorí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nínú ilé kan, ìyáálé kan fura pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó kékeré tó wà ní ojúlé kejì, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ṣì ń múra jáde ní àràárọ̀ kí àwọn ará ilé má bàa mọ̀. Ọbẹ̀ ìyàwó náà ló tú àṣírí fún un. Kò bi í léèrè, kò sì sọ fún ẹlòmíràn. Ó di èlùbọ́ sínú àpò, ó ní kòkòrò ti fẹ́ máa mú un, kí ìyàwó náà bá òun lò ó kó má bàa bàjẹ́. Èlùbọ́ náà kò ní kòkòrò kankan. Ọ̀pọ̀ ìwé ni wọ́n ti kọ lórí ọ̀nà tí ìjọba lè gbà mọ àwọn tálákà láàárín ìlú, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí ọ̀nà tó yára tó sì bo àṣírí ènìyàn tó èyí tí obìnrin yẹn gbà.

Kí oúnjẹ tó lè máa lọ láti ojúlé dé ojúlé báyìí, ìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ìyẹn ìmọ̀ nípa èèwọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan, èèwọ̀ sì ni ohun tí ìdílé, òrìṣà tàbí ẹ̀sìn kò jẹ́ kí ènìyàn jẹ tàbí kí ó ṣe. Àwọn olùsìn Ọbàtálá kì í jẹ iyọ̀, nítorí náà ọbẹ̀ àtẹ́, ìyẹn ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀, ni wọ́n ń sè fún wọn. Àwọn oníṣàngó kì í jẹ sèsé, ìyẹn irú ẹ̀wà funfun kan. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ìdílé mìíràn sì wà tí oríkì wọn ti sọ ẹran tí wọn kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn. Ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé kì í sè é, ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n ní ilé tí àwo ti ń rìn, òwe yẹn gbòòrò ju tọkọtaya lọ: obìnrin tó ń dáná gbọ́dọ̀ fi èèwọ̀ ilé mẹ́ta mẹ́rin sọ́kàn kó tó da ohunkóhun sínú ìkòkò. Ẹ̀sìn a sì tún máa mú kí oúnjẹ rìn: ìyá ìbejì ń se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ àdúgbò, kì í sì ka ojúlé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wá. Àṣà yìí bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun dé Brazil, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní: ní Bahia, nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà ọdún Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ méjì tí wọ́n fi wé Ìbejì, ilá àti epo pupa ni wọ́n fi ń se oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní caruru, ọmọdé méje ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ fún jẹ, kí àgbàlagbà kankan tó fọwọ́ kàn án. Ó jẹ́ ìwúrí pé lẹ́yìn gbogbo ohun tí oko ẹrú gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, kò gba èyí.

Kò yẹ kí a fi oyin bo gbogbo rẹ̀. Àwo alẹ́ ní ìnira tirẹ̀, àwọn obìnrin ni wọ́n sì ń ru ú: àwọn ni wọ́n ń gún un, tí wọ́n ń rò ó, tí wọ́n sì ń jẹ èyí tó bá ṣẹ́kù, nígbà tí ẹran tó tóbi jù ti lọ sí iwájú baálé. Obìnrin tí kò tíì bímọ tàbí tí kò ní ẹni tó máa gbè é lẹ́yìn nínú ilé lè máa gbé àwo jáde lọ́pọ̀ ìgbà ju èyí tó ń wọlé bá a lọ. Ìbẹ̀rù náà wà. Àwọn ìyá a máa kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má jẹ níbi báyìí, nítorí ìtàn májèlé àti ìtàn àjẹ́ kò ṣàìwọ inú ilé olówò tàbí ilé àgbẹ̀, oúnjẹ tí ènìyàn bá jẹ lójú oorun pàápàá a sì máa dá ìdààmú sílẹ̀. Síbẹ̀ ìbẹ̀rù náà ní ààlà, nítorí pé àwọn tí a ń bẹ̀rù yìí kan náà ni a ń jẹ oúnjẹ wọn ní ìrọ̀lẹ́ kejì, ìpadàjẹ náà sì ni ẹ̀rí pé ìjà ti parí.

Ìyípadà tó dé bá àṣà yìí kò dé lójijì. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń ya wọ Èkó àti Ìbàdàn láti wá iṣẹ́, ilé onípásẹ́ẹ̀jì ni ọ̀pọ̀ wọn gbà, ìyẹn ilé tí yàrá kọjú sí yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tóóró kan, tí àwọn ayálégbé sì jọ ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo ní ẹ̀yìn. Kò sí ẹbí láàárín wọn, ṣùgbọ́n òórùn ọbẹ̀ kò mọ ẹbí yàtọ̀ sí àlejò, sítóòfù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù sì mú kí obìnrin Ìjẹ̀bú kọ́ ọbẹ̀ ewúro lọ́dọ̀ obìnrin Ìgbò, tí òun náà sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́. A lè sọ pé ibẹ̀ ni àwo alẹ́ ti fi agbára rẹ̀ hàn jù, nítorí pé kò sí àṣẹ baálé kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ilé tó tẹ̀lé èyí ni ó pa á lára: fúláàtì tó ní ilé ìdáná tirẹ̀ nínú, ògiri gíga, géètì, àti ọmọ tí kò lè jáde lálẹ́ láìjẹ́ pé àgbà mú un lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá tún fi kún un, nítorí pé obìnrin tó bá kúrò níbi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ sì dá a dúró sójú ọ̀nà, kò ní ju pé kó gbé ohun tó wà nílẹ̀ kaná lọ.

Fíríìjì sì ni ohun tó yẹ kí a wò dáadáa nínú gbogbo rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ilé tó fẹ́ pàdánù rẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n pàdánù rẹ̀. Obìnrin tó bá se ọbẹ̀ ata ní ọjọ́ Sátidé tó sì pín in sínú ike fún ọ̀sẹ̀ kan ti fi ọgbọ́n gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ wàhálà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni alẹ́ kò ti ní oúnjẹ tirẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tí í gbé ọbẹ̀ tó ti dì ránṣẹ́ sí aládùúgbò pé kí ó bá òun tọ́ ọ wò. Oúnjẹ tí a lè gbé ránṣẹ́ ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tí èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé bí ènìyàn kò bá pín in lónìí, yóò kan lọ́la. Láyé àtijọ́, bí ọbẹ̀ ṣe ń yára kan ran ọwọ́ lọ́wọ́ láti là. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣàròyé pé ìmọtara-ẹni-nìkan ló pa àṣà yìí kò ro ti ìkòkò mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn mìíràn ní ọ̀wọ́n gógó ni. Òótọ́ wà níbẹ̀: láti ìgbà ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, àti pàápàá lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ sì fò sókè, obìnrin tó ń ka ẹran sínú ìkòkò lè má fẹ́ kí ojúlé kejì rí iye tó kà. Àwọn àgbà ti rí èyí tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ṣùgbọ́n òwe yìí kò sọ pé kí ẹni tí kò ní jókòó sí ilé rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ìpín gbọ́dọ̀ máa lọ, kó sì máa bọ̀, àti pé nígbà tí kò bá bọ̀ mọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá ìdí rẹ̀. Láàárín ọ̀wọ́n gógó ti 1986 síwájú, gàrí ni ọ̀pọ̀ ilé onípásẹ́ẹ̀jì ń pín, wọ́n sì ń pín in. Èyí tó ń dunni jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò kan ní ẹ̀yìn odi Èkó, níbi tí gbogbo ilé ti ní ògiri: àwọn ọmọ olùkọ́ kan ń mu gàrí ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà tí ìrẹsì tó ti bàjẹ́ ń lọ sínú garawa ìdọ̀tí ní ẹ̀gbẹ́ ògiri wọn. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn dákú nílé ẹ̀kọ́ ni àwọn aládùúgbò tó mọ̀. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò náà ti mọ̀ láti oṣù mẹ́ta pé ilé yẹn kò san owó àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ òru, wọ́n tilẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀sìn náà kópa nínú rẹ̀. Àwọn oníwàásù kan kọ́ ìjọ wọn láti má ṣe jẹ sààrà, ìyẹn oúnjẹ tí a ń fi tọrọ àánú Ọlọ́run, bí kò bá ti wá láti inú ẹ̀sìn tiwọn, àwọn ọmọ tó ń gbé àwo wá sì ń gbé e padà bó ṣe wà. Ibi tí àṣà náà kò sí lábẹ́ ewu ni ọjọ́ ọdún. Ẹran Iléyá ṣì ń dé ilé Kìrìsìtẹ́nì, ìrẹsì Kérésìmesì ṣì ń dé ilé Mùsùlùmí, ní pàtàkì nínú àwọn ìdílé tí ẹ̀sìn méjèèjì ti wà lábẹ́ òrùlé kan, ohun tó yẹ kí Yorùbá fi yangàn ni. Síbẹ̀ àwo ọdún kò lè ṣe iṣẹ́ àwo alẹ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé yóò dé, gbogbo ayé ló mọ ohun tí yóò wà nínú rẹ̀, ẹni tó sì jẹ gbèsè ra àgbò máa ń pín ẹran bíi ti ẹni tó fi owó ọwọ́ rẹ̀ rà á. Kò sí ohun tí ẹran Iléyá lè sọ nípa ilé tó ti wá, ṣùgbọ́n ilá tí kò ní ẹja ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú lásán sọ ohun gbogbo.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí Èkó, Ògùn àti Àbújá wà ní títì láti 30 oṣù kẹta 2020 nítorí àrùn kòrónà, oúnjẹ tí ìjọba, ilé ìjọsìn àti àwọn ẹgbẹ́ ń pín wá nínú àpò, wọ́n sì ń ya àwọn tó tò láti gbà á ní fọ́tò. Ó bọ́ ènìyàn púpọ̀, kò sì yẹ kí a kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tò, àwọn mìíràn tí ebi ń pa sì wà nínú ilé tí wọn kò jáde, nítorí pé kò sí ẹni tó ní kí wọ́n wá bá òun tọ́ nǹkan wò. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé: àdúgbò tó ti pa àṣà àwo alẹ́ tì kí àrùn tó dé kò ní ọmọdé tó mọ ọ̀nà ilé ẹlòmíràn lọ́jọ́ tí nǹkan le.

Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ètò ilé kò lè sọ pé ọwọ́ àwọn mọ́ pátápátá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iye ènìyàn tó máa jẹun ni wọ́n fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa wọn ìrẹsì, epo àti ẹran, oúnjẹ ènìyàn mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kó má bàa ṣòfò, ẹ̀kọ́ náà sì dára fún ara àti fún àpò. Àwọn ìyá àgbà kì í ka orí kí wọ́n tó sè, nítorí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àti nítorí pé wọ́n mọ̀ pé iye àwọn tó máa jẹ nínú ìkòkò náà kò sí nínú ilé tán. Láti so ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀ kò gba ìwé tuntun: nínú ìdánwò ìdáná, olùkọ́ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ bu àwo kan lára ohun tó sè lọ sí ilé kan tí kì í ṣe ilé rẹ̀, àti pé kó tó gba máàkì, kí ó sọ ohun tí ilé náà kì í jẹ àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá níbẹ̀.